Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Mú Àna Rẹ̀ Lọ Jẹun Nílé Oúnjẹ Àwọn Iwin

Ẹ fún mi ní àga tó dúró dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí wúwo. Bí àga bá ń mì lábẹ́ mi, apá kan nínú rẹ̀ lè já bọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ dákẹ́ obì jíjẹ, eyín yín ń pariwo ju ẹnu mi lọ. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti bá ẹfọ̀n tó ń bínú wo ojú ara wa, òun ló sì kọ́kọ́ gbé ojú kúrò. Mo ti sùn lórí igi kan náà pẹ̀lú ẹkùn, olúkúlùkù wa lórí ẹ̀ka tirẹ̀, a sì kí ara wa nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn tèmi ni mo fẹ́ sọ. Tèmi pọ̀ jù, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lórí. Ìtàn Ọdẹ́rìndé, ọmọ ẹgbẹ́ mi, ni mo fẹ́ sọ: ọkùnrin tí ohun tó ní ìwo kò bà lẹ́rù, tí ohun tó ní èékánná kò bà lẹ́rù, tó jẹ́ pé ìyá àgbà kúkurú kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù láyé. Ìyá náà ló bí ìyàwó rẹ̀.

Àwẹ̀ró ni ìyàwó náà ń jẹ́. Ọdẹ́rìndé fẹ́ ẹ bó ti yẹ kí ọkùnrin fẹ́ obìnrin. Ohun gbogbo tí wọ́n ní kó gbé wá, ó gbé e wá, ó tún fi itan ẹtu lé e. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí i ti kọ́ ọ láti kékeré pé ènìyàn kì í la ẹnu gbàgà jẹun níwájú àna rẹ̀. Bí o bá lọ kí wọn, dọ̀bálẹ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, sọ pé o ti yó. Bí ebi bá ń pa ọ́, lọ jẹun nílé ìyá rẹ. Ọmọ náà gbọ́, ó sì di ẹ̀kọ́ yìí mú ju bó ti di ìbọn mú lọ. Gbogbo ìgbà tí Ìyá Àwẹ̀ró bá gbé iyán kalẹ̀ níwájú rẹ̀, á ní, “Ẹ ṣeun, Màmá, mo ti yó.” Bó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ á máa kùn, débi pé ajá ilé á gbójú sókè wò ó.

Ìyá náà kò ní ọ̀rọ̀ rere kan lẹ́nu fún un. Bí Ọdẹ́rìndé bá pa ẹfọ̀n, ìyá á ní ẹfọ̀n ọ̀hún ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Bó bá pa ìmàdò, ìyá á ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò kan ló já okùn. Gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ ọdẹ mọ̀ pé ìyá náà kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀, Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀.

Ní ọdún kan, nígbà tí òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀, Ìyá Àwẹ̀ró wá kí ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ mi ń gbé ìyàwó wọn lọ gbafẹ́. Wọ́n ń lọ sí etí òkun. Wọ́n ń ya fọ́tò. Wọ́n ń jẹun nílé oúnjẹ ńlá, ẹni ẹlẹ́ni ló ń fọ àwo. Ọmọ tèmi, inú èéfín ẹran ló ti ń gbafẹ́.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́rìndé lára. Ó fi ìbọn tó ń nù sílẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ lọ di ẹrù yín. Gbogbo wa la jọ ń lọ.”

“Níbo?” Àwẹ̀ró ló béèrè.

Ibi tí Ọdẹ́rìndé mọ̀ láyé kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ní, “Igbó.”

Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Igbó Ìgbafẹ́ ló ń wí, ibi tí àwọn iwin máa ń kó ìyàwó àti ọmọ wọn lọ sinmi. Ẹ̀yin rò pé eré ni kí wọ́n máa dẹ́rù ba ènìyàn látọdún dé ọdún? Iṣẹ́ ni. Kí ẹ dúró sídìí ìrókò nínú òjò, kí ẹ máa retí ọ̀mùtí kan tó máa kọjá, kó sì jẹ́ pé nígbà tó máa fi dé, oorun ti ń kùn ún, kò tilẹ̀ rí yín. Ó ń rẹ iwin.

Ní ẹnu ibodè igbó náà, oníbodè kan wà tó ní orí mẹ́ta lórí ọrùn kan ṣoṣo, àwọn orí náà sì ń bá ara wọn ṣe àríyànjiyàn lórí èwo ló ni ọrùn. Nígbà tí wọ́n rí àlejò, wọ́n dá ìjà dúró. Orí àárín ní kò sẹ́ni tó ń wọlé láìjẹ́ pé ó já àlọ́. Orí òsì ní àlọ́ ọ̀hún nìyí: ẹrù kan wà tí àlejò máa ń gbé wá, onílé ló ń sọ̀ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fojú rí i nínú àwọn méjèèjì. Orí ọ̀tún ní kí wọ́n yára, torí ọrùn ń dun òun.

Ọdẹ́rìndé gbé àyà síwájú. “Ìbọn,” ó wí.

Àwọn orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbá ara wọn.

Ìyá Àwẹ̀ró pọ̀ṣẹ́. “Ebi ni,” ó wí. “Àwọn àlejò kan sì wà tí wọ́n máa ń gbé e wá, tí wọn kì í jẹ́ kí onílé bá wọn sọ̀ ọ́.” Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo Ọdẹ́rìndé, ó gbé àpò rẹ̀, ó wọlé. Ọdẹ́rìndé kò mọ ohun tí òun ṣe. Ó tẹ̀lé e.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi dé etí odò kan tí kò ní afárá, tí kò ní ọkọ̀. Ọdẹ́rìndé ní kí àwọn obìnrin fi èyí sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó tẹ́nu bọ oríkì:

Odò ńlá, ọmọ omi tí kì í sùn,
Ìwọ tí o gbé òkúta mì tí o kò fi omi sìn ín,
Ìwọ tí ọ̀nì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ kó tó wẹ̀,
Jẹ́ n kọjá, ọmọ ọdẹ ni mí.

Bó ti ń kì í ni orí odò ń wú, bí orí odò ti ń wú ni omi ń kún. Nígbà tó fi máa kà á dé ìdí, omi ti dé ìgbáròkó rẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró fà á sẹ́yìn ní ọrùn ẹ̀wù, ó gbé ọwọ́ ka ìbàdí, ó kọjú sí odò. “Ìwọ wo ni wọ́n ń pè ní odò? Omi tí mo fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀ láàárọ̀ jù ọ́ lọ. Ẹja inú rẹ, ṣé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń wẹ̀ ni, àbí wọ́n ń tò sórí ìlà? Mo ti rí òógùn tó jìn jù ọ́ lọ lọ́rùn ọ̀lẹ.” Ojú ti odò. Ó sún kì, ó di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín iyanrìn, ìyá sì fi bàtà rẹ̀ rékọjá láì ká aṣọ sókè. Èmi fúnra mi ti dé odò yẹn rí. Ìyìn ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀, mo sì mu omi yó bámúbámú kí n tó gbọ́n.

Ní òdìkejì odò ni ilé kan wà, gbogbo iwin tó wá sinmi ló ń wọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè ẹnu ọ̀nà pé: ILÉ OÚNJẸ ỌMỌ ARÁYÉ. Ẹ WÁ JẸUN BÍ ÈNÌYÀN. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa àwọn ilé oúnjẹ ìlú ńlá tí wọ́n kọ́ bí ọkọ̀ ojú omi, tí àwọn agbáwo ibẹ̀ ń wọ awọ ẹranko kí àwọn ọmọdé lè rẹ́rìn-ín. Ti àwọn iwin nìyẹn. Àwa ni ẹranko tiwọn.

Agbáwo tó pàdé wọn ní ẹnu ọ̀nà ń jẹ́ Gògóńgò. Ó ti ẹsẹ̀ bọ ọwọ́ agbádá, ó dé fìlà sí orúnkún, ó sì rò pé òun múra. Ẹnì kan ti sọ fún un pé ọmọ aráyé máa ń kí nǹkan gbogbo, ló bá bẹ̀rẹ̀: “Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú ìmí. Ẹ kú imú. Ẹ kú òjìji yín tó tẹ̀lé yín wá.”

“A dúpẹ́,” ni Ìyá Àwẹ̀ró ń dáhùn. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “O rí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.”

Gògóńgò sún mọ́ ìyá náà, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó rò pé iwin bí i tòun ni, tó kàn mọ bí a ṣe ń múra bí ènìyàn. “Màmá, ìmúra yín dára o. Ìhunjọ ojú yìí, bí ẹni pé òótọ́ ni. Ta ló bá yín ṣe é?”

“Ọlọ́run,” Ìyá Àwẹ̀ró wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún mi kí ẹ tó lọ.”

Ó mú wọn lọ sídìí tábìlì kan ní àárín ilé. Kí wọ́n tó jókòó, ó ka òfin ilé fún wọn, ó ní kò le. Ẹni tó bá jókòó tó jẹun, àlejò ni, á padà sílé rẹ̀ ní àlàáfíà. Ẹni tó bá jókòó tí kò jẹun títí wọ́n fi kó àwo, ó hàn gbangba pé kì í ṣe oúnjẹ ló wá jẹ, iṣẹ́ ló wá wá. Ẹni náà ti di ti ilé. Wọ́n á fún un níṣẹ́, kò sì ní jáde mọ́. Ọdẹ́rìndé gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí. Ó wá rí i pé àga ìyá ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n gbé kọjú sí tirẹ̀.

Eré ń lọ lórí pèpéle kan níwájú wọn. Iwin méjì ń ṣe bí ọkọ àti ìyàwó, wọ́n ń jà lórí ẹni tí kò ti ilẹ̀kùn. Òmíràn tò sórí ìlà, àwọn mẹ́wàá sì tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ láìbéèrè ohun tó ń tò fún, àwọn ọmọ iwin rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi da oúnjẹ sára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde pé ọdẹ ń bọ̀. Bàbá arúgbó kan jáde tí kò ní eyín kan lẹ́nu, ó gbé ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ kọ́ èjìká bí ìbọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu: òun ti bá erin jà, òun ti bá kìnnìún jẹ nínú àwo kan. Ẹtu kékeré kan yọ sí i, ó sín. Bàbá náà ju ọ̀pá nù, ó sá yí gbogbo tábìlì po, ó gun òpó, àwọn ọmọ iwin sì ń sọ egungun lù ú ní ìdí.

Ọdẹ́rìndé bínú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Àwẹ̀ró di aṣọ rẹ̀ mú. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. “Ó jọ ẹnì kan tí mo mọ̀,” ó wí.

Ẹ̀yin tó ń fẹ̀gbẹ́ ojú wò mí níbẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ tí bàbá náà ń sọ kò jọ tèmi rárá. Tèmi, òótọ́ ni.

Oúnjẹ dé. Iyán ni, ó funfun, ó rọ̀, ooru ń jáde lára rẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni, epo ti lé téńté lójú rẹ̀, ìgbín inú rẹ̀ tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, ẹja gbígbẹ sì yọrí síta bí onílé tó ń wòran lójú fèrèsé. Ọdẹ́rìndé kò tíì jẹ nǹkan kan láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé, torí pé ìyá náà wà pẹ̀lú wọn lójú ọ̀nà. Itọ́ kún un lẹ́nu. Ìyá Àwẹ̀ró fọ ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Àwẹ̀ró náà bẹ̀rẹ̀.

“Ìwọ ńkọ́?” Àwẹ̀ró bi ọkọ rẹ̀.

“Ẹ máa jẹ. Mo ti yó.”

Ọwọ́ Ìyá Àwẹ̀ró dúró lókè pẹ̀lú òkèlè. Ó fajú ro. “Fi í sílẹ̀,” ó wí. “Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti yó.”

Obìnrin tó ni ilé oúnjẹ náà ń kọjá lọ. Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní àtẹ́lẹwọ́, bó bá fẹ́ rí nǹkan, á na ọwọ́ sí i. Ó na ọwọ́ sí iwájú Ọdẹ́rìndé, ó rí iyán tí wọn kò fọwọ́ kàn. “A ò ní pẹ́ kó àwo,” ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ọdẹ tiwa sì ti gbó. Ẹtu ń ráhùn pé kò lè sáré mọ́.” Ó wo apá Ọdẹ́rìndé, ó wo itan rẹ̀, bí ẹni tó ń ra àgùntàn. Ó ní kí wọ́n lọ fọ ẹ̀wù ọdẹ sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ọdẹ́rìndé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú ọgbọ́n. Ó ní, “Màmá, ẹ wo ẹyẹ aláràbarà tó wà lẹ́yìn yín.” Ìyá ní ẹyẹ kò kan òun, òun ń jẹun. Ọdẹ́rìndé wá ní okùn bàtà òun tú, ó bu òkèlè kan, ó bọ́ sábẹ́ tábìlì. Kó tó gbé e dé ẹnu, ó rí àtẹ́lẹwọ́ kan nínú òkùnkùn abẹ́ tábìlì, ojú inú rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí i. Obìnrin náà ní, “Oúnjẹ abẹ́ tábìlì, ti ajá ni. Kò sí nínú òfin.” Ọdẹ́rìndé padà sórí àga, ó gbé òkèlè sílẹ̀. Ó tún gbé e. Ó wo iwájú, ó rí ìyá ìyàwó rẹ̀ tó ń wo òun, ọwọ́ rẹ̀ sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ tó fa ìbọn sí ẹkùn láì gbọ̀n kò lè gbé iyán kọjá àyà.

Wọ́n mú bàbá arúgbó eléré náà wá kó wá wọ ẹ̀wù ọdẹ náà fún un. Bó ti ń wọ̀ ọ́ fún un, ó rọra bá a sọ̀rọ̀. “Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò jẹun?”

“Àna mi nìyẹn, Bàbá.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, èrìgì rẹ̀ ń dán. “Èmi náà, ọdẹ gidi ni mí tẹ́lẹ̀. Orí àga tí tìrẹ jókòó sí yìí ni tèmi jókòó sí. Ojú rẹ̀ tì mí, n kò jẹ. Wọ́n kó àwo. Ó sunkún díẹ̀, ó lọ sílé. Ó ṣeé ṣe kó ti kú báyìí. Ìtìjú tí mo tì nígbà náà, ọmọ mi, n kò mọ ẹni tó jẹ èrè rẹ̀.” Ó ki ọwọ́ Ọdẹ́rìndé bọ apá ẹ̀wù. “Bí ìwọ bá dúró, wọ́n á dá mi sílẹ̀. Kò yẹ kí n máa sọ èyí fún ọ. Ṣùgbọ́n ọdẹ bí ọdẹ ni wá. Jẹun.”

Omi lé sí Ọdẹ́rìndé lójú. Ó fẹ́ jẹ, kò lè jẹ. Ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ kò gbà fún un. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, “Àwẹ̀ró, máa bá Màmá lọ. Sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ pé mo rí iṣẹ́.”

Àwẹ̀ró dìde. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì. “Màmá, ẹ sọ̀rọ̀. Ojú yín ló ń tì í.”

“Ojú mi?”

“Ojú yín. Wọ́n kọ́ ọ nílé wọn pé ènìyàn kì í jẹun lójú àna. Ebi ń pa á. Gbogbo ìgbà tó bá ti ilé yín dé, ìkòkò ló máa ń gbé ka iwájú.”

Ìyá Àwẹ̀ró gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò sọ fún yín pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó tún un nù. “Èmi rò pé ẹ̀rù ló ń bà á,” ó wí. “Mo rò pé ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé màá fi nǹkan sí i. Kí ni ìyá tó ń gbé iyán padà sí ilé ìdáná láìfọwọ́kàn, lọ́dọọdún, ṣe fẹ́ rò? Mo gún iyán ọ̀hún fúnra mi, n kì í jẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ gún un. Mo ti sunkún sórí rẹ̀ rí.” Ó wo Ọdẹ́rìndé. “Ṣé òótọ́ ni ohun tí ọmọ yìí sọ?”

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn tábìlì pẹ̀lú ẹ̀wù eléré lọ́rùn. Àwọn ọmọ iwin rò pé ara eré ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. “Òótọ́ ni, Màmá,” ó wí látilẹ̀. “Ebi iyán yín ti ń pa mí láti ọjọ́ ìgbéyàwó.”

Agbáwo méjì ti ń kó àwo bọ̀ láti tábìlì ẹ̀gbẹ́. Gògóńgò ti nawọ́ sí ti Ọdẹ́rìndé. Ìyá Àwẹ̀ró gbá a lọ́wọ́. Ó bu òkèlè, kì í ṣe kékeré, ó tẹ̀ ẹ́ nínú ọbẹ̀, ó fi ìgbín tó tóbi jù lé e lórí, ó yí tábìlì po, ó dúró lórí ọkọ ọmọ rẹ̀.

“Dìde jókòó. Lanu.”

“Màmá, kò yẹ—”

“Mo ní lanu. Ojú tó ń tì ọ́, èmi ni mo ni ín, mo ní kó má tì ọ́ mọ́. Jẹun, ọmọ mi.”

Ọdẹ́rìndé lanu. Ó jẹ ẹ́. Ọkùnrin tí n kò rí omi lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìmàdò fa itan rẹ̀ ya, ó ń jẹ iyán, ó ń sunkún, ọbẹ̀ ń ṣàn gba irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gba èkejì lọ́wọ́ ìyá náà. Lẹ́yìn náà, ó nawọ́ sí àwo fúnra rẹ̀, ó jẹ tirẹ̀ tán, ó jẹ ti Àwẹ̀ró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo tábìlì àwọn iwin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin ojú àtẹ́lẹwọ́ na ọwọ́, ó wò ó títí. “Àlejò ni,” ó wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kò sì dùn. “Ẹ bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀.”

Bàbá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọ̀pá ìbẹ́pẹ rẹ̀, ó ń padà lọ sórí pèpéle. Ìyá Àwẹ̀ró pè é. “Ìwọ, níbo ni àna tìrẹ wà?”

“N kò mọ̀ bóyá ó wà láyé, Màmá.”

“Èmi wà láyé. Wá.”

Obìnrin tó ni ilé ní kò ṣeé ṣe, àwo tirẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìyá ní, “Àwo lẹ gbé, ẹ ò gbé ẹnu rẹ̀.” Ó ti òkèlè bọ bàbá náà lẹ́nu. Bàbá náà fi èrìgì yí i po, ó yí i po, gbogbo ilé dákẹ́ ń wò ó. Ó gbé e mì.

“Iyọ̀ ò tó o,” ó wí.

Ìyá Àwẹ̀ró fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Àwọn iwin náà rẹ́rìn-ín. Òfin ni òfin, ó ti jẹun. Gògóńgò ni wọ́n gbé ọ̀pá ìbẹ́pẹ fún lọ́jọ́ náà, mo sì gbọ́ pé ẹtu kò fún un ní ìsinmi títí di òní.

Wọ́n dé ilé. Bàbá arúgbó lọ sí ìlú tirẹ̀. Ọ̀la ọjọ́ tí wọ́n dé, Ọdẹ́rìndé wà lẹ́nu ọ̀nà ìyá ìyàwó rẹ̀ kí oòrùn tó ràn, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kò tíì jẹ nǹkan kan. Ó lọ lọ́tùnla. Ó lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹjọ́ rẹ̀ sùn káàkiri àdúgbò. Á dá ẹni tó ń lọ sóko dúró, á ní, “Ẹ bá mi wo ọkọ ọmọ mi o. Ó jẹ iyán mi tán lánàá, ó tún ṣan ìkòkò mu. Iṣu mi ò ní tó ọdún. Ẹnu rẹ̀ máa sọ mí di tálákà.” Ẹni náà á ní pẹ̀lẹ́, ìyá. Bó bá ti kọjá lọ, ìyá á sáré wọlé lọ gbé iṣu kaná, kó tó pẹ́ jù.

Ibi tí ojú mi àti etí mi bá a dé nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé irọ́ ni mo pa, n kò ní bá a jà. Kó lọ bá àna rẹ̀ nílé lọ́la, kó jókòó, kó ní ebi ń pa òun, kó wá wo ojú rẹ̀.